Àyè Ẹ̀gbẹ́ Rẹ Nínú Fọ́tò

Hanoukopé, Lomé

Táyé ọmọ mi,

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sórí fóònù mi, mo sì gbọ́ ohùn rẹ tó tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ ọ, mo tún un gbọ́. O ní atẹ́gùn Dakar tutù, o ní ẹja wọn dùn ṣùgbọ́n ata wọn kò mọ ohun tó ń ṣe, o ní àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè ọ́ ní "la Togolaise" bí ẹni pé ìwọ nìkan ni Togo bí. Gbogbo ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Ohun tí o sọ gbẹ̀yìn ló jẹ́ kí n wá ìwé àti kálámù. Mi ò lè sọ èsì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, mi ò fẹ́ kí o máa gbọ́ ẹkún ìyá rẹ níbi iṣẹ́.

O ní màgasíìnì tó gbà ọ́ fẹ́ fọ́tò rẹ, kí wọ́n lè fi ayàwòrán wọn tuntun han àwọn tó ń ka ìwé wọn. O ní o tú gbogbo fọ́tò tí o ní, o kò sì rí ẹyọ kan tí o wà láàárín. Nínú gbogbo wọn pátá, ẹ̀gbẹ́ kan lo wà, àyè kan sì ṣófo lápá ọ̀tún rẹ. Ọ̀gá yín rẹ́rìn-ín, ó bi ọ́ pé ta lò ń sá fún. Ó ní kò sí ìṣòro, àwọn máa gé àyè òfìfo náà dànù, ojú rẹ nìkan á sì kún inú fọ́tò. O wá bi mí pé, "Maman, ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gé e? Kí ló dé gan-an tí ẹ fi máa ń fi mí sí ẹ̀gbẹ́? Ẹ sọ òtítọ́ fún mi, ẹ má sọ pé nítorí ẹwà."

Nítorí ẹwà ni mo máa ń sọ fún ọ. Irọ́ ni. Bí o bá gbé nǹkan kaná, sọ ọ́ kalẹ̀, kí o ka ìwé yìí dópin kí o tó dá wọn lóhùn. Ẹ̀rù fọ́tò yẹn bà mí. Màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ìyá ni mí, mi ò sì lè fò kọjá lórí iṣẹ́ tuntun rẹ láì fún ọ ní ìmọ̀ràn.

Nígbà tí èmi náà ríṣẹ́ ayàwòrán ní màgasíìnì, ìdí ààrò ni ìyá àgbà rẹ wà nígbà tí mo sáré wá sọ fún un. O mọ̀ pé ìyá àgbà kò gbọ́ Faransé kọjá "bonjour" àti "ça va". Ó gbọ́ "magazine", ó rò pé "magasin" ni, pé ilé ìtajà ńlá kan ló gbà mí síṣẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sọ fún gbogbo àwọn ará Sakété, ìlú rẹ̀, tó wà ní àdúgbò, ó ní kí n máa bá òun mú ọṣẹ àti tòmátì alágolo bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló kọjá kí ó tó yé e pé fọ́tò ni mo lọ ń yà. Ó wò mí títí, ó ní, "Fọ́tò? Ṣé àwọn èèyàn náà kò mọ ojú ara wọn ni?" Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ìbéèrè gidi ni, mi ò kàn mọ̀ ni.

Èkínní tí mo fẹ́ sọ fún ọ: jẹ́ kí èèyàn gbé òkèlè rẹ̀ mì kí o tó yà á.

Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, wọ́n rán mi lọ sí pọ́ọ̀tù láti ya àwọn tó ń rẹrù. Mo rí ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ńténà pupa, oòrùn bọ́ sí i lójú dáadáa, ó ń jẹun. Mo yà á nígbà tí ẹ̀kọ ṣì wà ní ẹnu rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ yọ síta. Fọ́tò náà dùn mọ́ mi gan-an. Ìwé náà jáde, gbogbo ènìyàn ní mo mọṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ọkùnrin náà wá sí ọ́fíìsì wa, ó mú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, kò bínú rárá. Ó ní, "Madame, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ kò ní èyí tí mo ti gbé e mì tán? Àwọn ọmọ mi ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níléèwé." Mi ò ní in. Nígbà tó gbé e mì, mo ti yí ojú kámẹ́rà síbòmíràn. Nítorí náà, olówó orí mi, má kánjú. Kí èèyàn kí o tó gbé kámẹ́rà sójú. Fi fọ́tò hàn án kí o tó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Tó bá ní kò dára, tún un yà.

Èkejì: wọ́n á máa bi ọ́ pé ayàwòrán dà. Ìwọ á dúró níbẹ̀, kámẹ́rà á rọ̀ mọ́ ọ lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á sì máa wo ẹ̀yìn rẹ bóyá ọkùnrin kan ń bọ̀. Ní òtẹ́ẹ̀lì kan báyìí létí òkun, ọkùnrin kan bi mí bẹ́ẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Mo sọ̀rọ̀ sí i ní Yorùbá, mo sọ ọ́ ní Mina, mo fi Faransé parí rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dákẹ́, ẹni tí mo wá yà ti wọ mọ́tò rẹ̀, ó ti lọ. Mo padà sí ọ́fíìsì lọ́wọ́ òfo, ọ̀gá wa sì bú mi débi tí mo fẹ́ wọlẹ̀. Tí wọ́n bá bi ọ́, má dáhùn. Gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà rẹ ń jókòó lé kalẹ̀, kí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ gígé yìí. Òun ni mo jókòó tì, àwọn yòókù kàn jẹ́ kí n rí ibi bẹ̀rẹ̀ ni.

O mọ̀ pé ẹ̀yin méjì ni mo bí. Kẹ́hìndé èkejì rẹ fi wá sílẹ̀ kí ẹ tó mọ ìjókòó. Ìyẹn ni o mọ̀. Ohun tí o kò mọ̀ ni bí inú ṣe bí mi tó. Ní ilé wa, wọn kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó lọ ṣẹ́gi. Nítorí pé ó lọ ṣẹ́gi, wọ́n á máa fi àyè rẹ̀ sílẹ̀: wọ́n á ra aṣọ méjì, wọ́n á bu oúnjẹ sọ́nà méjì, wọ́n á sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó kù tí wọ́n bá fẹ́ yà á ní fọ́tò. Mi ò ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Mo sọ fún ìyá àgbà pé ọmọ mi kú, kò ṣẹ́gi kankan. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní Ìyá Ìbejì mọ́. Ìyá Táyé ni kí wọ́n máa pè mí. Wọ́n bẹ̀rù mi, wọ́n sì gbà.

O ti bẹ̀rẹ̀ iléèwé nígbà tí ọ̀gá wa rán mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní àdúgbò Totsi. Madame Kẹ́hìndé ni wọ́n ń pè é. Transitaire ni, ọ̀kan lára àwọn tó ń bá oníṣòwò yọ ẹrù wọn kúrò ní pọ́ọ̀tù. Tó bá pariwo láti ẹnu ọ̀nà, awakọ̀ á fi ọkọ̀ ẹrù rìn sẹ́yìn láìbéèrè ìdí. Òun la fẹ́ fi síwájú ìwé.

Ó ti gbé àga méjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n tó dé, ó sì jókòó sórí ọ̀kan. Mo di àga kejì mú kí n gbé e kúrò.

Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Táyé ló ni ín."

Ó sọ fún mi pé Táyé òun lọ ṣẹ́gi nígbà tí àwọn ṣì wà lọ́mọdé, kò tíì dé, òun kò sì ya fọ́tò rí láìsí àyè rẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ náà kúkú mọ̀ ọ́n, Ìyá Ìbejì."

Táyé, mi ò sọ fún obìnrin yẹn pé mo bí ìbejì. Mi ò sọ fún un pé mo bímọ rárá. Mo ní ẹ ṣeun, mo ya òun àti àga òfìfo náà, mo kó ẹrù mi, mo sì kúrò níbẹ̀ kíá.

Ní ọ́fíìsì, ẹni tó ń to ojú ìwé wo fọ́tò náà, ó yọ ṣùtì ètè. Ó ní, "Ah non, la chaise vide là, ça fait un trou." Ó ní àga òfìfo yẹn dà bí ihò lójú ìwé. Ó bi mí bóyá kí òun gé e. Mo lè sọ pé rárá, mo mọ ohun tí obìnrin náà sọ. Ṣùgbọ́n àga yẹn ti ń dá mi lágara láti Totsi. Mo ní, "Gé e." Ó tẹ nǹkan kan, àga náà kò sí mọ́, ojú Madame Kẹ́hìndé sì kún iwájú ìwé wa láti etí dé etí.

Nígbà tí ìwé jáde, ó pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó kéré, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ láti inú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ìyá Ìbejì, ibo lo gbé e sí?" Kí n tó dáhùn, fóònù ti kú.

Nígbà tó yá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ìdòwú wá mi wá sí Hanoukopé níbí. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò jẹ́ orúkọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n á pè é ní Kẹ́hìndé, á wo ẹ̀yìn, á tún máa bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀ranyàn bi í, ó ní, "Ẹni tó gbẹ̀yìn dé là ń pè ní Kẹ́hìndé. Lẹ́yìn ta ni mo dé?" Kò jẹun dáadáa mọ́. Tó bá kọjá níwájú dígí, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó pàdé àlejò ní ọ̀nà tóóró. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà ní ara rẹ̀ le. Èyí tó wá ba Ìdòwú lẹ́rù jù ni ti pọ́ọ̀tù. Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ti mọ ẹ̀gbọ́n òun láti ọdún pípẹ́ ń jẹ́ kó kọjá láì kí i, tí wọ́n bá sì bi wọ́n, wọ́n á búra pé àwọn kò rí ẹnikẹ́ni.

Ìdòwú kò pariwo mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Madame, ẹ wá tún un yà. Ẹ bá wa dá a padà."

Mo lọ. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo fẹ́ sá. Ọ̀sán gangan ni mo dé Totsi, oòrùn dúró lórí òrùlé, àwọn tó ń tajà létí títì ti sùn lọ sábẹ́ agbòòrùn wọn. Mi ò gbọ́ ìró alùpùpù kankan ní àdúgbò tí sémì, àwọn ọlọ́kadà wa, kì í yéé kọjá. Ọ́fíìsì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní kámẹ́rà tuntun nígbà náà, irú èyí tó máa ń fi ìlà aláwọ̀ ewé ya àpótí kékeré yí ojú èèyàn ká lórí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀, kó lè mọ ẹni tó fẹ́ yà. Lónìí fóònù ọmọdé ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, idán ló jẹ́ lójú wa, gbogbo ọ́fíìsì ló wá fi ojú wọn dán an wò.

Madame Kẹ́hìndé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti rù, aṣọ ń fò lára rẹ̀. Àga méjèèjì wà níbi tí mo bá wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo kí i, kò dáhùn. Mo gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo wo gíláàsì rẹ̀.

Àpótí kan yọ. Orí àga òfìfo ló wà.

Ó wà níbi tó yẹ kí ojú èèyàn wà tó bá jókòó síbẹ̀. Madame Kẹ́hìndé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà, ojú rẹ̀ kọjú sí mi gbangba, kámẹ́rà náà kò sì ya àpótí kankan yí ojú náà ká. Mo pa á, mo tún un tàn. Mo fi aṣọ nu ojú rẹ̀. Mo gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sápá òsì. Àpótí náà dúró sórí àga òfìfo, ó ń mì díẹ̀ bó ṣe máa ń mì tí èèyàn bá ń mí.

Mi ò mọ ẹni tó kọ́ mi ní ohun tí mo ṣe. Mo kúnlẹ̀ níwájú àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé, mo ní, "Ìyá mi Táyé, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi ni mo ní kí wọ́n gé yín. Mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ má bínú." Ìdòwú wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ mi. Mo dìde, mo wo gíláàsì. Àpótí méjì ló wà níbẹ̀. Mo pè é, "Madame Kẹ́hìndé!" Ó ní, "Òo," bí ẹni tó jí lójú oorun, ó sì bi mí pé kí ló dé tí eruku wà lórúnkún mi.

Mo tẹ kámẹ́rà. Táyé, àpótí yẹn kì í hàn nínú fọ́tò, ìwọ náà mọ̀. Obìnrin kan àti àga òfìfo kan ni fọ́tò náà fi hàn. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá wa, mo ní bí kò bá tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe wà, mi ò wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ó rò pé orí mi ti dàrú, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé tó kẹ́yìn. Kí ìwé náà tó jáde rárá ni Madame Kẹ́hìndé ti ń pariwo mọ́ àwọn awakọ̀ ní pọ́ọ̀tù.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ǹ bá sọ fún ọ pé kámẹ́rà náà bàjẹ́ ni. Bàbá rẹ sọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un nígbà tó wa ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ ti ọ̀nà Cinkassé dé, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ọkọ̀ òun náà máa ń tan iná epo nígbà tí epo kún inú rẹ̀. Kò purọ́. Mo ti rí i kí kámẹ́rà ya àpótí yí ìdí ife ká, mo ti rí i kó yà á yí ojú tí wọ́n kùn sára mọ́tò ká.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí mo ti Totsi dé yẹn, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé dé, o wà nínú àgbàlá pẹ̀lú aṣọ kákì rẹ, o ń jẹ máńgòrò. Kámẹ́rà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ọkàn mi ní kí n má fi wò ọ́. Mo fi wò ọ́. Àpótí méjì ló yọ. Ọ̀kan wà lójú rẹ. Èkejì wà lápá ọ̀tún rẹ, ó ga tó ọ gẹ́lẹ́.

Ṣé ó yé ọ? Ọmọ ọwọ́ ni mo sin. Èyí tó dúró tì ọ́ ti tó ọmọ tó ń lọ síléèwé. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń bínú, tí mo ní kò ṣẹ́gi kankan, ó ń dàgbà nínú ilé mi láìsí ẹni tó bu oúnjẹ fún un, láìsí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àgbàlá, mo sunkún, o wá fi ọwọ́ tó kún fún máńgòrò nu ojú mi. O ti gbàgbé. Èmi kò gbàgbé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Níbi ọjọ́ ìbí rẹ, níbi ìdánwò tí o yege, pẹ̀lú aṣọ tuntun, ní etí òkun, mo ń sọ pé, "Sún sí òsì díẹ̀, ó rẹwà bẹ́ẹ̀." Mo ti pààrọ̀ kámẹ́rà títí, mo fọ ògiri, mo yọ kàlẹ́ńdà tó wà lára rẹ̀, mo gé ẹ̀ka máńgòrò kúrò kí n má bàa sọ pé ewé ni. Nígbà mìíràn àpótí kan ni mo máa ń rí, nígbà mìíràn méjì. Nígbà tó bá jẹ́ méjì, gíga yín kì í yàtọ̀. Nígbà tí o ga lójijì tí gbogbo bàtà rẹ kò bá ọ mu mọ́, òun náà ga. Mi ò rí ojú rẹ̀ rí. Ìlà mẹ́rin péré ni mo mọ̀ lára ọmọ mi, mo sì fẹ́ràn wọn.

Nísinsìnyí o wá bi mí bóyá kí wọ́n gé e.

Mo ti kọ ìwé yìí rí kí n tó kọ eléyìí. Nínú ti àkọ́kọ́, mo ní kí o má jẹ́ kí wọ́n gé e láé. Mo ní kí o fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí wọ́n bá fi dandan lé e, kí o máa bọ̀ nílé. Mo ń rí ọ lọ́kàn mi ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yín tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń sọ pé àwọn kò rí ẹnikẹ́ni. Mo ń rò ó pé màá pè ọ́ lórí fóònù, màá ní "Táyé," o kò sì ní dáhùn. Mo fa ìwé náà ya, nítorí mo rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ tí o lọ.

Takisí ti dé, bàbá rẹ ti kó àpò rẹ sẹ́yìn rẹ̀, òun ló máa sìn ọ́ dé pápá ọkọ̀ òfurufú. Mo ní kí o dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n yà ọ́. O ní, "Maman, ọkọ̀ òfurufú kì í dúró de èèyàn!" ṣùgbọ́n o dúró, o sì sún sí òsì láìjẹ́ pé mo sọ. Mo gbé kámẹ́rà sójú. Àpótí kan ṣoṣo ló yọ, ojú rẹ ló wà. Mo dúró kí èkejì yọ. Kò yọ. O ní kí n tẹ̀ ẹ́ ná, mo sì tẹ̀ ẹ́. O rí omi lójú mi, o dì mọ́ mi, o rò pé nítorí pé ò ń lọ ni. Apá kan nínú rẹ̀ nìyẹn. Apá kejì ni pé mo rò pé mo ti pàdánù ẹ̀yin méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Takisí gbéra, o ju ọwọ́ sí mi títí ẹ fi yà ní ìkòríta. Mi ò tíì sọ kámẹ́rà kalẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, ilẹ̀ pupa àti ògiri aládùúgbò nìkan ni. Àpótí kan yọ síbi tí takisí ti gbéra. Ó ga dé ibi tí ojú rẹ máa ń wà. Ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó sin èrò jáde tó ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Iṣẹ́ rẹ ni, o mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: bí èèyàn bá ń sún mọ́ kámẹ́rà, àpótí ojú rẹ̀ á máa tóbi sí i. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Kò kánjú. Gbogbo irun ara mi dìde, ọmọ mi, ṣùgbọ́n mi ò sá. Nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún gbogbo gíláàsì, mo sọ kámẹ́rà kalẹ̀, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè ráyè wọlé. Mo ní, "Kẹ́hìndé, káàbọ̀."

Láti ìgbà tó ti fi wá sílẹ̀, kò sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí.

Ìyẹn ni òtítọ́ tí o béèrè. Ẹni tí a gé nínú fọ́tò Totsi wà lórí àga rẹ̀ nígbà tí a gé e. Ẹni tìrẹ kò sí ní Dakar. Ìwọ Táyé lo kọ́kọ́ jáde wá wo ayé nígbà tí mo bí yín, ìwọ náà lo tún ṣíwájú lọ wò ó. Òun gbẹ̀yìn. Kò wù mí láti béèrè bóyá òun ló yàn bẹ́ẹ̀ nítorí mi, tàbí nítorí kí àyè lè gbà ọ́. Má ṣàánú mi pé mo dá wà nígbà tí bàbá rẹ bá wà lójú ọ̀nà. Mi ò dá wà. Mo ń bu oúnjẹ sọ́nà méjì, mo sì ń sọ̀rọ̀ nínú ilé bí èèyàn gidi.

Nítorí náà, má fún wọn ní fọ́tò àtijọ́ kankan láti gé. Ní kí wọ́n ya tuntun fún ọ. Ẹ̀gbẹ́ ti mọ́ ọ lára, wàá fẹ́ sún sí òsì kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Má sún. Kò sí ẹni tí wàá ṣẹ̀. Jókòó sáàárín.

Ìyá yín ni.